Àwọn Tó Ń Bá Kàbìtì Tọ́jú Ara Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ikùn ọkùnrin yìí kí n tó kí òun fúnra rẹ̀, nítorí ikùn ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ọ́fíìsì. Bí ikùn bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ á dìde. Bí ọ̀gá bá wọlé tẹ̀lé ikùn, wọ́n á tẹríba. Bí dírẹ́bà tó gbé báàgì bá sì wọlé tẹ̀lé àwọn méjèèjì, ìgbà náà ni ilẹ̀ tó mọ́ ní Iléeṣẹ́ Àmì Ojú Ọ̀nà, iléeṣẹ́ tó ń ri pátákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn pátákó tó ń sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó yà sọ́tùn-ún, kó rọra sáré, tàbí kó dúró.

Kàbìtì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan láti ojú fèrèsé, inú rẹ̀ sì dùn, ó ní ohun tó bá tóbi tó sì níyì ni wọ́n ń pè ní kàbìtì. Kò sẹ́ni tó là á lóye. Àbí ẹ̀yin ì bá là á lóye, nígbà tí oúnjẹ ọmọ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ẹni tó ń pàṣẹ fún mọ́tò pé dúró, tí mọ́tò sì ń dúró, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa wo oòrùn tìkà-tẹ̀gbin bí oòrùn bá wọ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ibà ń ṣe ọmọ òun, òun fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Kàbìtì bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ọmọ rẹ yìí," ó ní, "kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àìsàn, ṣé ó kọ̀wé sí mi?"

"Rárá sà. Kò tíì mọ̀wé kọ sà."

"Ṣé o rí i. Àìlétò ni. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Òṣìṣẹ́ náà padà, ibà kò padà. Ibà kì í ṣe mọ́tò, kò mọ pátákó. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá ìyá ọmọ náà tó gbé e pọ̀n tó sì sáré.

Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí gbogbo iléeṣẹ́ ìlú, obìnrin ni alága ìgbìmọ̀ náà, ó sì ti ṣe nọ́ọ̀sì rí kó tó bọ́ sí ipò. Nígbà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ṣubú lulẹ̀ láàárín ìpàdé, tó jẹ́ pé orí ló kó o yọ, Alága ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó fún ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ní fóònù iṣẹ́ tuntun, áàpù kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tọ́jú Ara Rẹ. Èèyàn á jókòó láàárọ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọjọ́ rẹ̀ síbẹ̀: ìgbà tó máa mu omi, ìgbà tó máa na ẹsẹ̀, ìgbà tó máa gbé iṣẹ́ sílẹ̀ kó fi orí lélẹ̀ díẹ̀. Bí àkókò bá tó, fóònù á rán an létí. Ní ìrọ̀lẹ́, á bi í pé báwo ni ọjọ́ náà ṣe rí lára rẹ̀, òun náà á sì kọ èsì síbẹ̀. Ní ìparí oṣù, gbogbo rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ Alága.

"Kì í ṣe pé a fẹ́ fi mú yín," Alága ṣàlàyé. "A fẹ́ mọ ẹni tí ẹrù ti wúwo jù fún ni, ká lè bá a sọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ tó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Kàbìtì sọ ọ́ dà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, òun, igbákejì rẹ̀ àti akọ̀wé rẹ̀ jókòó, wọ́n ń wo fóònù náà lórí tábìlì. Fóònù dún gbìn-ín, ohùn obìnrin kan sì jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Káàárọ̀ o. Ṣé o ti mu omi?"

Kàbìtì wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni sà," akọ̀wé dáhùn.

"Èmi ni 'o'?"

"Àfojúdi gbáà ni, ọ̀gá mi," igbákejì sọ, ó ti ń mi orí kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Igbákejì yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mi orí. Bí Kàbìtì bá sọ pé òjò ń rọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, á na ọwọ́ síta fèrèsé, á fà á wọlé, á nù ún.

"Ìyá tó bí mi lọ́mọ," Kàbìtì ní, "láti ìgbà tí mo ti gorí àga yìí, 'ẹ' ló ń pè mí. Ìyàwó mi ń pè mí ní 'ẹ'. Fóònù tí wọ́n gbé wá nínú páálí lánàá wá ń pè mí ní 'o', bí ẹni pé a jọ ṣeré oṣùpá. Ẹ pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá."

Obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun kò lè yí 'o' padà, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ṣùgbọ́n ààyè wà téèyàn lè kọ orúkọ tó bá fẹ́ kí fóònù máa pe òun sí. Ojú Kàbìtì là. Òun àti igbákejì jókòó ti iṣẹ́ náà títí di ọ̀sán. Ní ọjọ́ kejì, àkókò omi tó, fóònù bẹ̀rẹ̀:

"Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Aláṣẹ Títì àti Ẹ̀gbẹ́ Títì, Atọ́nà-má-ṣìnà, Ọ̀kan Ṣoṣo Ìmọ́lẹ̀ Oríta, Adúró-bí-òpó, Olówó Orí Pátákó Gbogbo…"

Oyè náà gùn débi pé kí fóònù tó kà á tán, àkókò omi ti kọjá, ó ti di àkókò àtirìn. Ní ìparí gbogbo rẹ̀, ó tún ní: "Ṣé o ti rìn?"

Bí Kàbìtì ṣe pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí gbọ̀ngàn nìyẹn. Ó dìde. Ó yíra sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n lè rí i dáadáa.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi, ẹ̀yin tí orí yín sunwọ̀n tí ẹ fi bá mi láyé. Àwọn tó wà lókè ti rí i wàyí pé ara mi ṣe iyebíye. Wọn kò tètè rí i, ṣùgbọ́n wọ́n rí i. Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín. Ara mi yìí, ta ló ni ín?"

"Ẹ̀yin ni sà."

"Irọ́. Ìlú ló ni ín. Ohun ìní ìlú ni ara mi. Ǹjẹ́ ó wá yẹ ká fi ohun ìní ìlú sílẹ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo kó máa dá tọ́jú rẹ̀?"

"Kò yẹ sà."

"Nígbà tí mo bá ri pátákó, ṣé èmi ni mo ń gbẹ́lẹ̀?"

"Rárá sà."

"Ṣé èmi ni mo ń po sìmẹ́ǹtì?"

"Rárá sà."

"Ta ló wá ri pátákó náà?"

"Ẹ̀yin ni sà."

"Ó parí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Igbákejì pàtẹ́wọ́ títí òrùka fi fò kúrò ní ìka rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga, ó sì ń pàtẹ́wọ́ bó ṣe ń wá a. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú Ara Ọ̀gá Àgbà sílẹ̀. Igbákejì ni yóò máa mu omi. Mẹ́séńjà, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé, ni yóò máa rìn, fóònù á sì wà lápò rẹ̀. Dírẹ́bà, ẹni tí oorun ti wà lójú rẹ̀ láti ilé wá, ni yóò máa sinmi. Ó wá ku ìbéèrè ìrọ̀lẹ́, ti bí ọjọ́ ṣe rí lára. Kàbìtì nawọ́ sí akọ̀wé rẹ̀, ó ní, "Ìwọ yìí ni kó máa kọ ìyẹn."

"Báwo ló ṣe máa ń rí lára yín sà," akọ̀wé béèrè, "kí n lè mọ ohun tí n ó máa kọ?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n," Kàbìtì ní, "kí ni n ó tún fi ìwọ ṣe?"

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀, igbákejì kì í tilẹ̀ mí sókè. Omi yí ìwà rẹ̀ padà. Ó wá di ẹni tó ń fi orúnkún lu orúnkún nínú ìpàdé. Lọ́jọ́ kan, àwọn àlejò pàtàkì wà níjòókòó, Kàbìtì ń ṣàlàyé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún wọn, kò tíì kúrò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni igbákejì bá dìde gìrì.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú," igbákejì sọ, òógùn ti bò ó. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ tọ̀."

Kàbìtì ronú sí i. Òótọ́ ni, òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ni. "Ó dáa," ó ní, "mo yọ̀ǹda fún ara mi."

Dírẹ́bà ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà bàjẹ́. Wọ́n gbé àga gígùn kan sí igun ọ́fíìsì ọ̀gá, bí àkókò ìsinmi bá ti tó, á na gbalaja lé e, fóònù á wà láyà rẹ̀, á sì máa hanrun bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tó gbé ohùn sókè, Kàbìtì tó jókòó sẹ́yìn tábìlì á gbé ìka sétè.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀," á ní. "Mo ń sùn."

Kò pẹ́ tí ara Ẹsẹ̀-ò-gbélé fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ẹ̀yìn tó ń ro ó tẹ́lẹ̀ kò ro ó mọ́. Ojú dírẹ́bà mọ́ gbèé. Igbákejì pàápàá, awọ ara rẹ̀ tutù bí ewé òwúrọ̀. Kàbìtì nìkan ni bàtà ń fún mọ́ lẹ́sẹ̀. Ó dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gun àtẹ̀gùn dé ìyẹ̀wù, ó sì di ara ilẹ̀kùn mú. Ìyàwó rẹ̀ gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ ń mí gúlegúle bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì."

"Kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀," Kàbìtì dáhùn. "Mo rìn púpọ̀ lónìí. Mo rìn dé ilé ìfowópamọ́, mo gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá, mo tún padà nítorí mo gbàgbé ìwé kan."

"Ẹsẹ̀ ta lẹ fi rìn?"

"Ẹsẹ̀ iléeṣẹ́."

Ìyàwó wò ó títí. "Oúnjẹ alẹ́ ńkọ́? Ṣé iléeṣẹ́ ti jẹ ẹ́?"

Ó tì o. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni Kàbìtì kò yan ẹnikẹ́ni sí. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì jẹ ti ìgbìmọ̀ mọ́ ọn.

Nǹkan kan wà tí Kàbìtì kò mọ̀, èmi ni mo ń sọ ọ́ fún yín. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí fóònù béèrè bí ọjọ́ ṣe rí lára, akọ̀wé kọ ọ́ pé, "Inú mi dùn." Fóònù dáhùn: "Mo gbọ́. Kí ló mú inú rẹ dùn?" Akọ̀wé ronú títí mẹ́gáàdì fi wá ti ilẹ̀kùn, kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kọ ọ́ pé inú òun dùn. Fóònù ní: "Kò pọn dandan kí inú rẹ dùn o. Báwo ló ṣe rí gan-an?"

Akọ̀wé obìnrin yìí ní ìyá nílé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Òun ló ń gbé e dìde, òun ló ń wẹ̀ fún un, kó tó sáré wá síbi iṣẹ́, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti ń jẹ́ "ìwọ yìí". Ó ti pẹ́ gan-an tí ohun kan, yálà ẹlẹ́ran ara tàbí ẹlẹ́rọ, ti bi í pé báwo ló ṣe rí. Ó wo ẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́: "Ó rẹ̀ mí." Ilé kò wó lù ú. Ó tún kọ díẹ̀ sí i. Fóònù ní kó mí sínú, kó mí síta, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ sì fúyẹ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lọ, ọkàn akọ̀wé ló wà nínú fóònù, orúkọ Kàbìtì ló wà lórí rẹ̀. Akọ̀wé rò pé omi àti ìrìn nìkan ni wọ́n ń wò lókè. Kàbìtì ní tirẹ̀ kì í ka ohun tó bá fọwọ́ sí. Ó ní ohun tó jìnnà ni ojú òun wà fún.

Nígbà tó yá, Alága fúnra rẹ̀ pe Kàbìtì lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"A ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, sà. Ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. N kò fẹ́ rán ènìyàn sí yín, èmi fúnra mi ń bọ̀."

Kàbìtì gbé fóònù sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn yanran. Ipò olórí gbogbo àwọn iléeṣẹ́ ìlú ti ṣófo láti ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Kí ni ì bá tún gbé Alága dìde fúnra rẹ̀? Wọ́n háyà àga, wọ́n ta àtíbàbà. Kàbìtì ní kí wọ́n kó gbogbo ọ̀dà tó wà fún títì jáde, wọ́n sì fi kun pátákó lóríṣiríṣi, láti ojú títì ńlá títí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀kan ní, "Rọra, Ọlọ́lá Wà Nítòsí." Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní, "Àwọn Ńlá Náà Ń Ya Ibí."

Ọjọ́ pé. Igbákejì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá mi mu omi títí, odò bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá mi rìn títí, títì ń dúpẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi sùn, oorun ló kọ́kọ́ jí. Bí a bá ń wá ìlera lágbàáyé, tí a kò rí i, ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ àga ọ̀gá mi, ibẹ̀ ló jókòó sí."

Alága jẹ́ obìnrin kúkurú, bàtà pẹlẹbẹ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò pàtẹ́wọ́. Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí Kàbìtì.

"Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá, ó dára ká sọ ọ́ nínú yàrá."

"Rárá o, ìyá wa," Kàbìtì dáhùn, ó rí i dájú pé àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́. "Ohun rere kì í ṣe ohun à ń fi pamọ́."

"Àwọn ohun tí ẹ kọ nírọ̀lẹ́-nírọ̀lẹ́ ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kà á létí gbogbo wọn?"

"Ẹ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kà á. Kí àwọn ará òdì kejì títì gbọ́."

Alága mí kanlẹ̀. Ó mú ẹ̀rọ náà, ó sì kà:

"'Ó rẹ̀ mí.'"

Igbákejì ti pàtẹ́wọ́ kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo dún pá, ó sì dákẹ́.

"'Bí mo bá dé ẹnu géètì iléeṣẹ́ yìí láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ yí padà. Ẹnìkan wà níbí tó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àga sọ̀rọ̀. Lónìí, ó ju fáìlì, fáìlì náà bà mí lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Bí ẹnìkan bá lè gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi kí n sinmi fúngbà díẹ̀, n ó dúpẹ́ títí. Fóònù yìí ló bi mí bí mo ṣe wà. Kò tún sí ẹlòmíràn.'"

Kàbìtì rò pé àpẹẹrẹ ni, pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn ni Alága fi ń ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Inú bí i sí ẹni tó ju fáìlì. Ó tẹ̀ sí igbákejì létí.

"Ta ni òǹrorò yẹn?"

Igbákejì wo òkè àtíbàbà bí ẹni pé ẹyẹ kan wà níbẹ̀. Kàbìtì wo iwájú, ó rí akọ̀wé rẹ̀ tó ti súnkì bí aṣọ tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀. Ìgbà náà ni fáìlì ọjọ́sí bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ wá sí ọkàn rẹ̀.

Alága kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́. "Ta ló ju fáìlì lu bàbá yìí nínú yín?"

Dírẹ́bà wo bàtà rẹ̀. Ẹsẹ̀-ò-gbélé fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, Alága sì rò pé ẹkún ló ń sun.

"A ṣì máa wádìí," Alága ní. Ó yíjú sí Kàbìtì. "Sà, ẹ ní ẹ fẹ́ sinmi. Ìgbìmọ̀ ti gbọ́. Ọjọ́ orí yín ti tó ìfẹ̀yìntì, a ò sì ní jẹ́ kí iṣẹ́ pa yín sórí àga bó ṣe fẹ́ pa ẹlẹgbẹ́ yín. Láti òní lọ, a ti bá yín sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín pé."

Ẹ wá bá mi wo Kàbìtì níbi tó dúró sí. Bí ó bá sọ pé ọkàn yẹn kì í ṣe ti òun, wọ́n á bi í pé ta ló mu omi, ta ló rìn, ta ló sùn. Ẹni tó bá tan ìgbìmọ̀ jẹ, ọwọ́ òfo ló fi ń lọ sílé. Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà. Kó nawọ́ sí akọ̀wé, kó ní obìnrin yìí ló jí orúkọ òun lò. Ìka kan péré ni. Ó gbé ìka náà sókè, akọ̀wé rí i, ó di ojú rẹ̀.

"Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí…" Kàbìtì bẹ̀rẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé àánú ló kọ́kọ́ dá a dúró. Ìtìjú ni. Bí ọkàn náà bá jẹ́ ti akọ̀wé, a jẹ́ pé òun ni òǹrorò. Nínú kí wọ́n pe èèyàn ní aláàárẹ̀ àti kí wọ́n pè é ní òǹrorò létí gbogbo ará òdì kejì títì, ó mú àárẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo ojú obìnrin náà tó dì, nǹkan mìíràn wọ inú ìtìjú náà, kò sì mọ orúkọ rẹ̀.

"Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí," ó ní, "ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́."

Ó jókòó. Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù lọ tó sọ láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká jọ rìn dé géètì," Alága sọ, "ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìrìn."

Wọ́n rìn. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀rọ amúnáwá, Kàbìtì dúró, ó di ògiri mú, ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ sókè sódò, òógùn ti kó gbogbo ọlá tó wà lójú rẹ̀ lọ. Alága fà á lọ́wọ́ mọ́ra, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ ò rí i?" ó sọ fún àwọn tó tẹ̀lé wọn. "Àwa la ò tètè dá sí i."

Kí mọ́tò tó gbé Kàbìtì tó yọ sí títì, igbákejì ti lọ wo àga rẹ̀, bóyá ó ṣì gbóná.

Ilé wá le fún un. Fóònù kò dún. Ó jókòó sí yàrá àlejò, ó ń retí àwọn tó máa ń kí i, kò sẹ́ni tó yọjú àfi akọ̀wé, ẹni tó kó ìgò ojú rẹ̀ kejì àti bàtà tó fi sábẹ́ tábìlì wá fún un. Ó gbé ẹrù kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí sà. Ọkàn mi ni mo kọ. N kò mọ̀ pé wọ́n ń kà á."

Kàbìtì wò ó. "Ìwọ ló rẹ̀," ó ní pẹ̀lẹ́, "èmi ni wọ́n ní kí n lọ sinmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ sà."

Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn ńlá yẹn, ó ń bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀, ó sì di ẹ̀rín. Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná, ó rò pé ikọ́ ló ń wú. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Kàbìtì nu ojú.

"Dìde. Fáìlì yẹn, ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí sà."

"Ẹsẹ̀ wo ni?"

"Ọ̀tún ni sà."

Ó wo ẹsẹ̀ náà fúngbà pípẹ́. "Má bínú," ó ní. Ọ̀rọ̀ náà jáde bí eegun ẹja tó há sí ọ̀nà ọ̀fun. "Ṣé wọ́n ṣì ń wá ẹni tó jù ú?"

"Alága ń wá a gidigidi sà. Ó ní títí wọn yóò fi rí i, kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa ní ọjọ́ ìsinmi kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ òǹrorò náà díẹ̀. Ọjọ́ tèmi ni mo fi ń gbé ìyá mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ fún un." Akọ̀wé rẹ ohùn sílẹ̀. "A ò tíì fẹ́ kí wọ́n rí i sà."

"Kò burú," Kàbìtì dáhùn. "N kò ní sọ fún wọn."

Nígbà tí akọ̀wé lọ tán, yàrá náà há mọ́ ọn. Ó bọ bàtà, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ jáde díẹ̀, ìyàwó sì da ìborùn lé èjìká, ó bá a jáde. Wọn kò tíì dé ibi kan tí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ògiri kúkurú kan wà níwájú ilé ẹnìkan, ó sì jókòó lé e bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó nù ún fún un. Ìyàwó jókòó tì í. Oòrùn ti ń rọ̀, àwọn èèyàn ń kọjá, ẹlòmíràn kí wọn, ẹlòmíràn kò kí wọn.

Fèrèsé kan ṣí lókè. Ohùn àgbàlagbà obìnrin kan jáde.

"Ta ló jókòó sórí ògiri mi yẹn?"

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i, ó ń dúró de gbogbo oyè náà, látorí títì dé orí pátákó. Kàbìtì gbé ojú sókè sí fèrèsé.

"Ẹni tó rẹ̀ ni, mà."

"Ẹ jókòó dáadáa," obìnrin náà dáhùn, ó sì fi fèrèsé sílẹ̀ ní ṣíṣí.